Ọwọ́ Òsì Tó Fẹ́ Tú Eré Bọ́ọ̀lù Onígi Ká ní Odigbo

Ilé Ìlagi, Ore.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dákẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àna mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ara wa le níbí. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀fọ́ tí o gbìn sẹ́yìn ilé ìdáná ti hù, àwọn ewúrẹ́ sì ti rí i kí òun tó rí i. Mo ti jíṣẹ́.

Dírẹ́bà tó ń ná Odigbo fi lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́ ní àná. Mo kà á, mo tún un kà. O mọ̀ pé kíláàsì kejì ni mo ti jáde nílé ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá kà máa ń yé mi, n kì í sì í pe ẹnikẹ́ni kó wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé mìíràn ni, ǹ bá ti wọkọ̀ wá. Ṣùgbọ́n bàbá ìyàwó kì í dédé já wọ ilé ọkọ ọmọ rẹ̀ láti wá rojọ́. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà báyìí, wọn á ní mo wá gbè sẹ́yìn ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé yìí. Mo fẹ́ kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà, kí n má tún kọ òmíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Jẹ́ kí n tún ẹjọ́ náà sọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ. Ìjọba ìbílẹ̀ gbà ọ́ síṣẹ́ pé kí o máa bójú tó eré ìdárayá àwọn àgbà. Ìwọ wá mú bọ́ọ̀lù onígi tí o bá lọ́wọ́ mi láti kékeré, o fi dá ẹgbẹ́ mẹ́ta sílẹ̀: àwọn àgbẹ̀, àwọn onímọ́tò, àti àwọn tíṣà. Ní Sátidé tó kọjá, àna mi, Bàbá Túndé, bàbá ọkọ rẹ, gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ń sáré lọ sí ilé kẹta nínú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù máa ń sáré yípo. Kàmọ́rù, ọmọ tó ń lẹ táyà ní gáréèjì, ló dúró síbẹ̀. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i, ó fi ìbọ̀wọ́ awọ gbà á, ó sì fi ìbọ̀wọ́ náà kan Bàbá Túndé láyà kí ẹsẹ̀ bàbá tó kan pákó tí a fi sàmì ilé náà. Bí òfin eré ṣe wí gan-an nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù kàn kó tó dé ilé, ó ti jáde. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni ìbọ̀wọ́ wà, torí ọ̀tún la fi ń ju bọ́ọ̀lù. Ọmọ tó lè bí lọ́mọ fi ọwọ́ òsì kàn án láyà, níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti níwájú gbogbo ìlú.

Bàbá Túndé ní àfi kí o lé Kàmọ́rù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò sí àgbẹ̀ tí yóò wá mọ́. Àwọn onímọ́tò ní bí Kàmọ́rù bá lọ, gbogbo àwọn ló lọ. Kàmọ́rù fúnra rẹ̀ bi ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ gé ọwọ́ òsì mi sílé kí n tó wá ni?" Ọkọ rẹ kò sọ nǹkan kan. Ìwọ wá ń bi mí pé ṣé kí o fi eré náà sílẹ̀ kí ilé lè tòrò.

Rárá. Má fi í sílẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí o máa ṣe, jẹ́ kí n rán ọ létí ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Orí ni mo fi ń ru pákó nígbà tí mo dé Ore. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń ké lẹ́yìn ilé yìí, tèmi ni, igi tí wọ́n fi kan òrùlé ìdajì ilé tó wà létí títì, ọwọ́ mi ló ti jáde. Bọ́ọ̀lù onígi náà, èmi ni mo mú un wọ agbègbè yìí, ẹni tó bá ní òun ni, kó wá bá mi. Òyìnbó Amẹ́ríkà kan wá to ẹ̀rọ ìlagi fún ọ̀gá mi ìgbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, á tún mú un, torí kò rí ẹni bá a ṣeré. Àwọn tó kù jókòó, wọ́n ń fi í ṣẹ̀rín. Èmi lọ dúró níwájú rẹ̀, mo ní kó jù ú sí mi. Nígbà tí nǹkan wọ́n tán, tí ìjọba ológun dé, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ pè é padà sílé, ó kó ìbọ̀wọ́ àti bọ́ọ̀lù rẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa fi rántí òun. Líìgì ni mo fi wọ́n dá sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni mo ti gbàgbé.

O kéré nígbà náà, o lè má mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Ilé iṣẹ́ ti ń dá ènìyàn dúró. Mọ́tò wà nílẹ̀, táyà kò sí. Gẹdú wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọ́lé. Ọkùnrin tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ láìní ohun tí yóò ṣe, ìyàwó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá jà, lẹ́yìn náà aládùúgbò. Mo wò ó pé kí wọ́n kúkú wá máa fi igi gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé ìlagi mi. Dírẹ́bà, alágbàṣe, àgbẹ̀ láti Omifunfun, gbogbo wọn wá. Àwọn tí kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jùmọ̀ mu omi nínú kèǹgbè kan. Ohun tí ìwọ náà ní lọ́wọ́ ní Odigbo nìyẹn. Bí o bá tú u ká nítorí ọwọ́ ẹnìkan, o kò ní rí wọn kó jọ mọ́.

Ó yá, gbọ́.

Èkíní. Jẹ́ kí àwọn tó wà lórí àlééfà mọ ohun tí ẹ ń ṣe, kí ó sì jẹ́ ẹnu rẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èmi kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ẹ̀yìn ilé mi ni, ta ló kàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìmọ́tótó kan, lẹ́yìn tí a ti gbálẹ̀ tán tí wọ́n ti ní kí ọkọ̀ máa rìn, ọkọ̀ sójà yà wọ ọgbà. Sájẹ́ǹtì kan sọ̀ kalẹ̀. Ó wo igi tó wà lọ́wọ́ Làmídì, olórí àwọn dírẹ́bà.

"Ta lẹ fẹ́ lọ nà?"

Làmídì ní, "Bọ́ọ̀lù ni, ọ̀gá."

"Bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń fi kùmọ̀ gbá?"

Gbogbo wọn wá ń wojú mi. Mo gba igi lọ́wọ́ Làmídì, mo fi lé sájẹ́ǹtì lọ́wọ́, mo ní kó dán an wò. Ó gbé ìbọn rẹ̀ fún ẹni ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù, ó kọjá lára rẹ̀. Wọ́n tún jù ú, ó tún kọjá. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo wẹ̀yìn wò ó, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ fún ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù pé kó jù ú bí ìgbà tí ènìyàn ń ju ọsàn sí ọmọ ọwọ́. Sájẹ́ǹtì gbá a, bọ́ọ̀lù fò, ó bọ́ sínú òkìtì ìyẹ̀fun pákó. Ọkùnrin náà dúró, ó ń wò ó.

"Kí ni mo máa wá ṣe báyìí?"

"Ẹ máa sáré, ọ̀gá."

Ó sáré yípo gbogbo ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú bàtà sójà lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹni tó lọ wá bọ́ọ̀lù náà títí ó fi dé. Láti ọjọ́ náà, wọn kò yọ wá lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ, má dúró de sájẹ́ǹtì. Lọ sí tẹ́ṣàn fúnra rẹ, kí o sọ ọjọ́ tí ẹ ń ṣeré fún wọn.

Èkejì, igi. Mo kọ́kọ́ fi ìrókò gbẹ́ ẹ, àwọn ọkùnrin kò lè gbé e sókè. Mo fi afàrà gbẹ́ ẹ, ó ya sí méjì. Igi ìtà ló tọ́, tí ó bá ti gbẹ dáadáa. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, ìtà ni. Má jẹ́ kí káfíńtà Odigbo fi òmíràn tàn ọ́.

Èyí tó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ ìkíni, o sì ní láti fara balẹ̀ kà á, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àna mi ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ líìgì wa, mo kan kó ọmọdé àti àgbà pọ̀, mo ní kí wọ́n máa gbá a lọ. Bàbá Jóṣúà wà nínú ẹgbẹ́ Omifunfun, àgbẹ̀ kòkó ni, ó sì jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kì í sáré. Ó máa ń rìn ni, á ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ mú bọ́ọ̀lù, ó ti dúró dè é ní ẹ̀gbẹ́ pákó, kó kan fi kàn án ló kù. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

"Bá mi kí i. Sọ fún un pé ojú rẹ̀ wọ́n."

Bàbá Jóṣúà gbé ẹsẹ̀ lé pákó. Ọmọ náà ṣì wà ní ilẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́.

Omifunfun kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ẹni tó ní ewú lórí lágbègbè wọn ni wọ́n kó wá. Wọ́n na àwọn dírẹ́bà tó taagun bí màlúù. Làmídì wá bá mi, ó ní, "Bàbá, agbára kọ́ nìyí o. Ẹ kúkú bá àwa náà wá arúgbó tiwa." Mo kọ́kọ́ ní kí àwọn àgbà máa ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ni wọ́n jókòó sọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ni mo bá ṣe òfin tí ìwọ náà ń lò lónìí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọdé á tò, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á béèrè ilé béèrè ọ̀nà, àwọn àgbà á súre fún wọn. Ìkíni ti tán nìyẹn. Ẹni tó bá tún kí ẹnikẹ́ni nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti jáde. Wọ́n bínú sí mi, lẹ́yìn náà ó mọ́ wọn lára.

Ìkíni rọrùn ju ọwọ́ òsì lọ. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, kí o má baà rò pé ìwọ ni o kò mọ ètò ṣe. Ó bá mi ní Ore níbí. Mo ní kí ọmọdé máa yọ bọ́ọ̀lù sí ọwọ́ ọ̀tún kó tó fi kan àgbà. Kí ó tó yọ ọ́, àgbà ti dé ilé, ó ti ń nu ojú. Mo ní ó dáa, kí gbogbo ènìyàn wọ ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n wá ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù kò sì mọ ibi tó ń lọ mọ́. Ọ̀kan wọ inú ilé adìẹ ìyá rẹ. Nígbà tí wọ́n lọ béèrè rẹ̀, ìyá rẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Adìẹ mi ti sàba lé e. Ẹ jẹ́ kó pa á ná."

Ohun tó parí rẹ̀ lọ́dọ̀ mi ni pé mo pàṣẹ. Mo ní lórí pápá yìí, ìbọ̀wọ́ kì í ṣe ọwọ́, ẹni tí kò bá gbà kó máa lọ sílé. Wọ́n gbà. N kò ní purọ́ fún ọ pé ọ̀rọ̀ mi ló dùn létí wọn. Èmi ni mo ni ilẹ̀, èmi ni mo ni igi, èmi sì ni wọ́n ń ta gẹdú oko wọn fún. Ẹni tó bá bá mi jà, ta ni yóò tà á fún?

Ìwọ kò ní èyí, Àbẹ̀kẹ́. Ìjọba ló ni pápá, ìyàwó ilé sì ni ọ́ ní Odigbo. O kò lè wí fún bàbá ọkọ rẹ pé kó máa lọ sílé, nígbà tí ó jẹ́ pé ilé rẹ̀ ni ìwọ náà ń sùn. Nítorí náà, bí mo ṣe ṣe é kọ́ ni wàá ṣe ṣe é.

Má mú Kàmọ́rù lọ tọrọ ìdáríjì. Bí o bá ní kí ó dọ̀bálẹ̀ torí pé ó ṣe ohun tí òfin rẹ ní kó ṣe, Sátidé tó ń bọ̀ kò ní sí ẹni tí yóò gba òfin náà gbọ́. Má sì sọ fún Bàbá Túndé pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nǹkan ṣẹlẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi ọwọ́ òsì kan èmi náà láyà níta gbangba, inú á bí mi, o mọ̀ pé inú mi kì í tètè rọ̀. Ọkùnrin náà kò sọ ìsọkúsọ. Ohun tó ń dùn ún ni pé wọ́n rí i. Bí ó bá padà wá báyìí, gbogbo ará Ago Alaye, níbi tó ti ń dáko, á ní ó ti gba ìwọ̀sí mọ́ra.

Ní ti ọkọ rẹ, fi í sílẹ̀. Ọmọ rere ni. Má bi í níwájú bàbá rẹ̀ pé ta ló jàre, má sì bi í nínú yàrá náà. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹnìkan nínú ẹ̀yin méjèèjì ni yóò pàdánù rẹ̀, bóyá ìwọ ni, bóyá bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò fi sọ̀rọ̀. Se oúnjẹ rẹ̀ fún un, kí o sì bá a sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn.

Mo ti rò ó láti àná. Ohun tí àna mi nílò ni kí ó rí ẹni tí òun náà ń bọ̀wọ̀ fún, kí wọ́n fi ọwọ́ òsì kan ẹni náà láyà lójú rẹ̀, kí ẹni náà má sì bínú. Ta ni ẹni náà? Kì í ṣe alága, kì í ṣe pásítọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ rẹ, gbogbo ẹbí wọn ló dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ mi, òun náà sì tẹríba fún mi. Títí ayé, èmi ni bàbá ìyàwó. Kò sí ẹni tó yẹ kó bọ̀wọ̀ fún mi jù ú lọ.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé yìí. Kì í ṣe ilé wọn ni mò ń bọ̀, pápá ìjọba ni, kò sí ẹni tó máa ní mo wá jà. Fi mí sínú ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀. Mo ní oko kòkó ní Araromi-Obu, ẹ̀tọ́ mi ni. Bí àwọn tó kù kò bá wá, kí àwọn tíṣà yá mi ní ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní kété tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, fi tó àna mi létí pé mò ń bọ̀. Kò lè gbọ́ pé àna òun wọ Odigbo kó jókòó sílé. Yóò wá kí mi, bí kò bá tilẹ̀ fẹ́ rí bọ́ọ̀lù sójú.

Fi Kàmọ́rù sí ilé kẹta, níbi tó wà lọ́jọ́ náà. Sọ fún un pé n kò ní rọra sáré. Mo ti dàgbà, ṣùgbọ́n mo ṣì lágbára ju ọ̀pọ̀ àwọn tíṣà rẹ lọ. Bí ó bá ń bẹ̀rù mi, màá kọjá lára rẹ̀, màá sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí mọ́tò á fi gbé mi dé Ore. Kó fi ìbọ̀wọ́ náà kàn mí láyà, kó kàn mí dáadáa, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà gbọ́ ọ. Ìyá rẹ ní ara mi kò gbà á mọ́. Mo ní kó lọ wo ewúrẹ́ rẹ̀.

Ìwọ ni rẹfirí. Bí ó bá ti kàn mí, pè é sókè pé mo ti jáde. Má dákẹ́, má wojú ọkọ rẹ, má sì fi "ẹ jọ̀wọ́, sà" kún un. Màá gbọn eruku kúrò lára aṣọ mi, màá rìn lọ bá àna mi níbi tó bá dúró sí, màá sì sọ fún un pé ọmọ yẹn mọ bọ́ọ̀lù mú. Lẹ́yìn náà, màá na igi sí i, màá ní òun ló kàn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínṣọlá Onípákó, Ore.